Ṣé kí wọ́n gé àpáàdì Anglo-Saxon yìí? Ìdáhùn sí ìbéèrè kan láti Ipswich

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Ipswich ní Suffolk, ní ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń yọ̀ǹda ara mi fún àwọn awalẹ̀pìtàn kan ní òpin ọ̀sẹ̀. A rí àpáàdì bí 60 nínú kòtò kan, ọ̀gá wa sì sọ pé ti àwọn Anglo-Saxon àkọ́kọ́, àwọn baba ńlá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ni, láàárín ọdún 450 sí 700. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí ẹ bá gbé òmíràn nínú wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ oru ìyá àgbà mi ní Ìpetumodù, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀: dúdú kan náà, ọwọ́ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Owó tó wà nílẹ̀ kò tó nǹkan, wọ́n sì fẹ́ gé mélòó kan nínú wọn ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò. Ọkàn mi kò gbà á. Ṣé àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí lè sọ ọdún tí wọ́n mọ ìkòkò náà, ibi tí wọ́n ti mọ ọ́n, àti ohun tí wọ́n sè nínú rẹ̀? Bí wọn kò bá lè sọ gbogbo rẹ̀, kí ni ká fi owó náà ṣe?"

Mo kí yín, mo sì kí ìyá àgbà tó ni oru. Bí ọ̀rọ̀ yín bá yé mi dáadáa, ohun méjì ló ń bà yín lẹ́rù: kí wọ́n má lọ ba ohun tí ilẹ̀ ti pa mọ́ fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún jẹ́, àti kí owó má lọ tán láìrí ìdáhùn gidi gbà. Ẹ̀rù méjèèjì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta lẹ so pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni: ìgbà wo, ibo, àti kí ni wọ́n sè. Nídìí iṣẹ́ tiwa tí à ń yẹ àpáàdì wò, ọ̀tọ̀ ni ègé tí à ń gé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀nà tí ìdáhùn rẹ̀ fi lè ṣini lọ́nà. Kí n sì ti sọ ọ́ ṣáájú pé èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, ìyẹn ọdún, ni àpáàdì kì í fẹ́ sọ. Ó yá a lára láti sọ ibi tí amọ̀ rẹ̀ ti wá ju kó sọ ìgbà tí iná jó o lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí oru yẹn, nítorí ibẹ̀ ni àṣìrò kan fara pamọ́ sí. Dúdú tí ẹ rí kì í ṣe àmì ẹ̀yà tàbí ti ilẹ̀, àmì iná ni. Bí amọkòkò bá to ìkòkò jọ sórí ilẹ̀ gbalasa, tó fi igi àti koríko bò ó, tó sì ṣáná sí i, iná náà á ràn kíákíá, ó sì lè gbóná dé ìwọ̀n 600 sí 800 lórí òṣùwọ̀n Celsius láàárín àkókò kúkúrú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Níbi tí atẹ́gùn kò bá ti ráyè wọlé, irin inú amọ̀ kò ní pọ́n, ẹ̀gbin koríko àti gbòǹgbò tó wà nínú amọ̀ kò ní jó tán, ìkòkò á sì dúdú. Níbi tí atẹ́gùn bá ti kàn án, á pupa. Ìdí nìyí tí ìkòkò kan ṣoṣo fi máa ń dúdú lápá kan, tó sì pọ́n lápá kejì. Nígbà tí ìjọba Róòmù kúrò ní Britain ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún karùn-ún, kẹ̀kẹ́ amọkòkò àti ìléru ìsunkòkò kógbá wọlé pẹ̀lú rẹ̀, àwọn Anglo-Saxon tó tẹ̀ dó sí ìlà oòrùn erékùṣù náà sì ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò, wọ́n ń sun ún nínú iná ìta. Àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò nílẹ̀ wa náà ń ṣe é lọ́nà tó sún mọ́ ọn: wọ́n a da ìkòkò àtijọ́ dojú dé, wọ́n a fi amọ̀ bò ó kí ìdí tuntun lè jáde, wọ́n a wá máa fi amọ̀ gígùn kọ́ ara àti ọrùn lé e. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ẹnì kejì. Amọ̀, ọwọ́ àti iná ìta ló bí ọmọ méjì tó jọra, láìjẹ́ pé wọ́n bá ara wọn tan.

Ṣùgbọ́n bí mo bá gé oru ìyá àgbà àti àpáàdì yín, tí mo sì gbé méjèèjì sábẹ́ máíkíróskóòpù, ọmọdé tó bá jókòó tì mí yóò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ohun tí à ń ṣe nìyí. A ó gé ègé tó fẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, a ó fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí pẹlẹbẹ, a ó sì máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi kù ní 0.03 mílímítà, tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú òkúta kọjá. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé e sórí àwo máíkíróskóòpù tó ń yí, láàárín awò méjì tó ń sé apá kan ìmọ́lẹ̀ mọ́. Amọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń rí bí omi ẹrẹ̀ pupa tàbí dúdú. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni iyanrìn ti máa ń yọ jáde bí ìràwọ̀: hóró quartz, èròjà tó pọ̀ jù nínú iyanrìn, á funfun, bí mo bá yí àwo díẹ̀ á di eérú, bí mo bá tún yí i á ṣókùnkùn pátápátá, á tún wá mọ́lẹ̀. Nínú àpáàdì agbègbè Suffolk, mo máa ń retí hóró iyanrìn tí omi ti yí kiri títí tó fi rọ̀bọ̀tọ̀, ègé òkúta tí wọ́n fi ń ṣáná, tí wọ́n ń pè ní flint, tó ń dán wínníwínní bí iyọ̀, àti nígbà mìíràn òkúta ẹfun pẹ̀lú ìkarahun ẹranko òkun tí ojú lásán kò lè rí. Nínú oru Ìpetumodù, kò sí flint, kò sí òkúta ẹfun, nítorí orí àpáta àtayébáyé tí iná inú ilẹ̀ sè ni ilẹ̀ Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀ jókòó lé. Ohun tí mo máa rí níbẹ̀ ni èròjà òkúta mẹ́ta: quartz tí etí rẹ̀ ṣì mú, feldspar tó ti ń jẹrà, àti mica tó ń tàn bí ìpẹ́ ẹja.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín wá lára àwọn àpáàdì náà kí ẹnikẹ́ni tó gé wọn. Ẹ mú awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ wo ojú ibi tó ti ṣẹ́, ẹ má wo ara tó dán. Bí ẹ bá rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ tẹ amọ̀, tí dúdú sì wà yí i ká, koríko tàbí pàǹtí ọkà ni wọ́n pò mọ́ amọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹ koríko ni. Iná ti jó koríko lọ, àyè rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní gúúsù àti ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀rúndún karùn-ún sí ìkẹjọ. Ìdí tí amọkòkò fi ń po nǹkan mọ́ amọ̀ kò ṣòro: amọ̀ lásán máa ń sún kì bó bá ń gbẹ, á là, bí iná ojijì bá sì kàn án, omi inú rẹ̀ á di oru, ìkòkò á bẹ́. Koríko àti iyanrìn ló ń fún oru omi lọ́nà àtijáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ amọkòkò èyíkéyìí tó ti gbọ́ kí ìkòkò dún "pàà" nínú iná.

Ní ti ibi tí wọ́n ti mọ ọ́n, àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ìkòkò tó ní akọ òkúta nínú. Ní Leicestershire, ní igbó òkè kan tí wọ́n ń pè ní Charnwood, òkúta líle kan wà ní àdúgbò Mountsorrel, granodiorite ni orúkọ rẹ̀, ó sì ní mica dúdú tó ń dán. Ó pẹ́ tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń rí ègé òkúta yìí nínú ìkòkò Anglo-Saxon tí wọ́n fi ọwọ́ mọ, ní Leicestershire gan-an, àti ní ibi tó jìnnà sí i bíi Northamptonshire àti Lincolnshire. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ìkòkò méjì, David Williams àti Alan Vince, kó irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ jọ láti ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n wò wọ́n lábẹ́ máíkíróskóòpù, wọ́n sì gbà pé láti agbègbè Charnwood ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn, nítorí ṣáájú ìgbà náà èrò tó gbilẹ̀ ni pé ilé kọ̀ọ̀kan ló ń mọ ìkòkò tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, pé kò sí ẹni tó ń ru ìkòkò bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà. Bó bá rí báyìí, a jẹ́ pé ẹnì kan ń rù ú lọ tà, tàbí ń gbé e lọ ilé ọkọ, tàbí ń fi gbé ohun mìíràn, òróró tàbí oyin, lọ fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ní ìkọ́ nínú. Ní ayé àtijọ́ gan-an, kí ènìyàn tó mọ ìkòkò, yìnyín ńláńlá bo apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó sì ti ń wọ́ kọjá, ó ń fa òkúta Mountsorrel tu, ó ń gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà amọkòkò tó wà ní ibi tó jìnnà lè ṣa òkúta yẹn lórí oko tirẹ̀, kó sun ún, kó gún un, kó sì pò ó mọ́ amọ̀ láìmọ Charnwood lójú rí. Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Bó bá jẹ́ pé yìnyín ló gbé òkúta náà wá, kì í gbé irú kan ṣoṣo wá. Á kó oríṣiríṣi pọ̀ bí ẹrù alájàpá. Bí àpáàdì bá ní granodiorite nìkan, tí òkúta àlejò mìíràn kò sí níbẹ̀, ọkàn mi á fà sí Charnwood. Bí mo bá rí i pẹ̀lú àdàpọ̀ òkúta mìíràn, ẹnu mi á wọlẹ̀. Ohun tí mò ń sọ fún yín ni pé òkúta inú àpáàdì ń fi ibi tí amọ̀ àti òkúta ti wá hàn, kì í fi ibi tí ìyá tó mọ ìkòkò jókòó sí hàn. Suffolk yín náà, orí amọ̀ tí yìnyín kó sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà, nítorí náà bí láàbù bá kọ̀wé pé "ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti agbègbè," kí ẹ má bínú sí wọn pé wọn ò ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ yín ṣe rí ló fà á.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti sọ fún yín pé ẹ̀rọ kan wà tó dà bí ìbọn kékeré, tí wọ́n á kàn nà sí àpáàdì, tí yóò sì sọ èròjà inú rẹ̀ láìgé nǹkan kan. Ó wà lóòótọ́. Ìtànṣán X ni ó ń rán jáde, irin, kálísíọ̀mù, zirconium àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á sì dáhùn, oníkálukú pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Ó wúlò, ṣùgbọ́n mo ti rí i kí wọ́n nà án sí ojú àpáàdì tó ní iyanrìn ńlá, kí ó ka iyanrìn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé amọ̀ ni. Ojú àpáàdì pẹ̀lú ti gba nǹkan lọ́wọ́ ilẹ̀: phosphorus tó wọnú rẹ̀ láti ara egungun àti ìdọ̀tí kòtò lè pọ̀ ju èyí tí amọkòkò bá nínú amọ̀ lọ. Àyẹ̀wò èròjà tó péye ń béèrè pé kí wọ́n lọ ègé tí wọ́n ti họ ojú rẹ̀ kúrò, ó sì ń béèrè ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ìyẹn ohun tí a ó fi wé e. Iye èròjà tí kò ní ẹlẹgbẹ́ dà bí ìka ọwọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé nígbà tí kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nílẹ̀. Níbi tí ẹlẹgbẹ́ bá wà, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ibi tí Abidemi Babalola ti walẹ̀, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ju 12,000 lọ, wọ́n sì rí àpáàdì ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì tó ju 800 lọ, gíláàsì ṣì lẹ̀ mọ́ inú wọn. Nígbà tí èròjà inú ìlẹ̀kẹ̀ bá ti inú ìkòkò mu, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì kún fún ìdàrọ́ iṣẹ́ náà, kò ku ibi tí ẹni tó ní àwọn ará ìta ló kó gíláàsì wá yóò sá sí.

Ìlú tí ẹ ń gbé gan-an ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀rúndún kẹjọ, àwọn amọkòkò kan ní Ipswich tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ tó ń yí díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń sun ìkòkò nínú ìléru. Wọ́n ti hú ìléru àti àpáàdì àbùkù wọn jáde láàárín ìlú. Ìkòkò aláwọ̀ eérú yìí, tó le, tó ní iyanrìn, ni wọ́n ń pè ní Ipswich ware, ó sì tàn ká gbogbo East Anglia, ó dé London, ó dé York. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì kò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ ọ́n.

Òun ló sì mú wa dé orí ọdún. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn onímọ̀ ti gbà pé nǹkan bí ọdún 650 ni Ipswich ware bẹ̀rẹ̀. Paul Blinkhorn, onímọ̀ ìkòkò, wá kó ẹ̀rí jọ, owó ẹyọ àti àwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n bá a nínú kòtò kan náà, ó sì fi hàn pé nǹkan bí 720 ló yẹ ká fi í sí, títí dé nǹkan bí 850. Àpáàdì kan kò yí padà, síbẹ̀ ìtàn ọ̀pọ̀ abúlé fi àádọ́rin ọdún yẹ̀. Ní West Stow, tí kò jìnnà sí yín, abúlé tí wọ́n walẹ̀ rẹ̀ láàárín 1965 sí 1972, ìparí abúlé náà ni Ipswich ware ti yọjú, nítorí náà ìgbà tí a bá sọ pé ìkòkò yìí bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí àwọn ará ibẹ̀ kó lọ. Ṣé ẹ rí i pé àpáàdì kọ́ ló sọ ọdún? Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ilẹ̀ ló sọ ọ́. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Bí àpáàdì kan ní Ifẹ̀ bá ní àmì ṣùkù àgbàdo tí wọ́n yí lára rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, a mọ̀ láìlo ẹ̀rọ pé kò lè dàgbà ju ìgbà tí àgbàdo ti Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ wa lọ, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́yìn 1492.

Ẹ̀rọ tó ń wọn ọjọ́ orí àpáàdì fúnra rẹ̀ wà, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Hóró quartz inú amọ̀ máa ń kó agbára jọ láti ara ìtànṣán tó ń ti inú ilẹ̀ jáde, bí ẹni tó ń dá àjọ. Iná tí amọkòkò dá ló pa gbogbo gbèsè ìṣáájú rẹ́, àjọ tuntun sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí láàbù bá tún gbé e sínú iná, á tú àjọ náà sílẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ tó ṣeé wọ̀n. Ó dára púpọ̀ láti mọ̀ bóyá ère amọ̀ kan jẹ́ ti àtijọ́ tàbí èyí tí ẹnì kan mọ lọ́dún tó kọjá láti fi tan oníbàárà. Ṣùgbọ́n ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ọjọ́ orí rẹ̀ ló sábà máa ń fi ṣìnà. Fún ìkòkò tó ti lo 1,400 ọdún, ìyẹn jẹ́ 70 sí 140 ọdún sí apá méjèèjì. Ọ̀gá yín ti mọ̀ pé láàárín 450 sí 700 ni. Ẹ̀rọ yìí á gba owó yín, á sì tún ohun tí ọ̀gá sọ sọ fún yín. Kábọ́ọ̀nù 14, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí ohun tó ti wà láàyè rí, sàn jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe lára amọ̀. Èéfín tó lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò lè wá láti ara igi tó ti dàgbà kí wọ́n tó gé e, á sì mú ìkòkò dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ. Èépá oúnjẹ inú rẹ̀ lè ní ẹja nínú, ẹja òkun náà á sì fi ọdún kún ọdún. Láti 2020 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Bristol ti fi hàn pé a lè yọ ọ̀rá tó wọnú ògiri ìkòkò, kí a sì wọn kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, iṣẹ́ tó wú mi lórí gan-an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àpáàdì ló ní ọ̀rá tó tó, kì í sì í ṣe iṣẹ́ olówó kékeré. Bí egungun ẹran tí oríkèé rẹ̀ ṣì so mọ́ra bá wà nínú kòtò yẹn, tàbí hóró ọkà tó jóná, òun ni kí ẹ rán lọ. Ẹran tí oríkèé rẹ̀ kò tú, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú síbẹ̀ ni, kò tí ì yí ibi kiri.

Ìbéèrè kẹta, ohun tí wọ́n sè, ni ìmọ̀ ti tẹ̀ síwájú jù. Ògiri ìkòkò tí kò ní dídán máa ń mu ọ̀rá bí kànìnkànìn, ọ̀rá náà sì lè wà níbẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n á họ ojú àpáàdì kúrò, wọ́n á lọ ìwọ̀n gíráàmù kan tàbí méjì, wọ́n á fi kẹ́míkà fọ ọ̀rá jáde, ẹ̀rọ á sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní 1991, Richard Evershed, onímọ̀ kẹ́mísírì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìda ara ewé nínú àpáàdì láti West Cotton, ní Raunds ní Northamptonshire, ìkòkò tó kéré sí tiyín lọ́jọ́ orí díẹ̀. Èròjà mẹ́ta ni, kábọ́ọ̀nù 29 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bá ti kábéèjì mu. Ẹ̀fọ́ tí kò fi egungun sílẹ̀, tí kò fi hóró sílẹ̀, fi ara rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún wọn ọ̀rá láti ìdí ìkòkò dé ẹnu, wọ́n sì bá a pé apá òkè ló ti pọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni tó ti ń wo ọbẹ̀ tó ń hó ti mọ̀ pé òkè ni òróró ń léfòó sí. Nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ rán àpáàdì fún àyẹ̀wò ọ̀rá, ètè àti èjìká ìkòkò ni kí ẹ mú, kì í ṣe ìdí.

Ìwọ̀n tí ó lè sọ náà ní ààlà. Ó lè sọ fún yín pé ọ̀rá wàrà ni tàbí ọ̀rá ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀. Kò lè sọ ọbẹ̀ wo, kò sì lè ya ti àná sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nítorí gbogbo oúnjẹ tó wọ ìkòkò náà ló papọ̀ sínú ògiri kan. Ọkà àti gbòǹgbò kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rá, nítorí náà ìkòkò tí wọ́n fi se oúnjẹ ọkà lójoojúmọ́ lè dà bí èyí tí a kò lò rí. Ojú lásán sì lè ran yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ̀rọ dákẹ́. Ní Cleatham, ní ìhà àríwá Lincolnshire, wọ́n rí ìkòkò tí wọ́n fi sin eérú òkú tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Gareth Perry, awalẹ̀pìtàn kan, wo inú wọn, ó sì rí i pé inú ọ̀pọ̀ ti jẹ, ó kún fún ihò wẹ́wẹ́, irú èyí tí kíkan ohun tó ń díbà nínú ìkòkò máa ń fà. Ìkòkò ọtí tàbí ti wàrà ni wọ́n ti jẹ́ nílé kí wọ́n tó di ìkòkò òkú. Ẹni tó ti rí inú ìkòkò ògì àtijọ́ á mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún ọwọ́ yín. Ní ìgbà òtútù kan nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo fi òrí pa ọwọ́ kí n tó jáde nílé, mo sì yan àpáàdì mẹ́jọ láìwọ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí èsì dé, ọ̀rá tó wà lára mẹ́ta nínú wọn pọ̀ débi pé inú wa kọ́kọ́ dùn. Ọ̀gá mi wá wo àwòrán èsì náà lẹ́ẹ̀kejì, ó wo ọwọ́ mi tó ń dán, ó béèrè bóyá mo mọ ìgbà tí àwọn Anglo-Saxon bẹ̀rẹ̀ sí í ra òrí. Owó àyẹ̀wò mẹ́ta ló bá omi lọ. Ara ọwọ́ tí kò ní òrí pàápàá ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ike tí a fi ń di àpáàdì náà ń fi tirẹ̀ sí i, nítorí náà fóìlì àlùmíníọ̀mù ni kí ẹ fi wé àwọn tí ẹ bá yà sọ́tọ̀, ẹ má sì fọ̀ wọ́n. Bí àwọn àpáàdì yín bá ti fara gba búrọ́ọ̀ṣì àti omi ní ọjọ́ tí ẹ hú wọn, ọ̀rá inú ògiri ṣì lè wà, ṣùgbọ́n èépá oúnjẹ tó wà lójú ti lọ.

Ní ti gígé, mo mọ ohun tí ọkàn yín ń sọ, nítorí èmi náà kò tí ì gé àpáàdì kan rí kí ó má dùn mí díẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n kì í gé ohun tí kò ní ẹlẹgbẹ́: ètè ìkòkò kan ṣoṣo, ibi tí wọ́n fi òǹtẹ̀ tẹ̀, tàbí ibi tí ìka amọkòkò ti hàn. Ẹ ya 60 náà sí ọ̀wọ́ pẹ̀lú awò kékeré yẹn, èyí tó ní koríko, èyí tó ní iyanrìn wínníwínní, èyí tó ní òkúta ńlá. Ó lè tó ọ̀wọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ yàwòrán gbogbo wọn, ẹ wọn sísanra wọn, ẹ kọ ìwúwo ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Inú ọ̀wọ́ tó pọ̀ jù, nínú àpáàdì ara tí kò ní ọ̀ṣọ́, ni ẹ ti lè gé ọ̀kan tàbí méjì fún máíkíróskóòpù. Owó díẹ̀ ni ìyẹn ń náni, dígí rẹ̀ sì máa wà títí, ẹni tí wọn kò tí ì bí lónìí lè tún un wò. Bí owó bá ṣẹ́ kù, egungun tàbí ọkà kan fún kábọ́ọ̀nù 14. Àyẹ̀wò ọ̀rá lórí àpáàdì méjì tàbí mẹ́ta péré kò ní sọ nǹkan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àfi bí yunifásítì kan bá fẹ́ fi kún iṣẹ́ ńlá tirẹ̀. N kò ní ná kọ́bọ̀ lórí ẹ̀rọ tó dà bí ìbọn yẹn fún ìkòkò tó kún fún iyanrìn báyìí.

Kí ẹ tó san ohunkóhun, ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ ọ̀gá yín. Èkíní ni bóyá ìpele kan ṣoṣo nínú kòtò ni àwọn àpáàdì náà ti jáde, tàbí òkè àti ìsàlẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀ sínú àpò kan. Èkejì ni bóyá ẹyọ kan wà láàárín wọn tó jẹ́ eérú, tó le ju àwọn yòókù lọ, tí ilà kẹ̀kẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Bí irú ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ bá jáde láti ìsàlẹ̀ kòtò náà, a jẹ́ pé Ipswich ware wọnú ọ̀rọ̀, ọdún 450 sí 700 tí wọ́n sọ fún yín kò lè dúró mọ́, ẹ ò sì tí ì gé nǹkan kan.